Ọkọ̀ Òfuurufú Tí Mo Kùn Fún Wa

Libreville, ìrọ̀lẹ́ Sátidé

Wọ́n ti gbà á! Àwọn tó ń pín àwòṣe bàlúù fún eré ìwakọ̀ òfuurufú orí kọ̀ǹpútà ti kọ́kọ́ kọ ọ̀dà tí mo fi kun tèmi. Wọ́n ní kò sí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kankan tó ń jẹ́ "Àjò". Mo fèsì pé òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn èrò rẹ̀ wà: àwa ọmọ Yorùbá tí a bí sí Gabon. Láti òwúrọ̀ yìí, ẹnikẹ́ni lágbàáyé lè wà á.

Mo pe Màámi wá wò ó bí yóò ṣe gbéra lọ sí Èkó. Àbúrò mi, Fúnmi, ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi maman sí ìjókòó iwájú o!"

"Dákẹ́ jàre," ni Màámi wí. "Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà ìrìn àjò ná."

A ṣe àmín. Gbígbéra nìkan ni mo fẹ́ fi hàn wọ́n, ṣùgbọ́n bí mo ṣe fẹ́ pa eré náà lójú òkun, Màámi di ọwọ́ mi mú.

"O fẹ́ já àwọn èrò rẹ sílẹ̀ lójú ọ̀run?"

Mo wà á dé Èkó. Nígbà tí táyà kanlẹ̀, Fúnmi, tí kò tíì dé Èkó rí, ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.