Ìwé Òkùnkùn Tí Kò Ní Apá Kejì

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà níbẹ̀? Kí Ọlọ́run túbọ̀ fi ìmọ́lẹ̀ sí sàréè yín. Àwa náà wà. Ooru Niamey kò tíì gbàgbé wa, iná mànàmáná sì ń lọ, ó ń bọ̀, bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀. Mo ṣì ń ṣí ṣọ́ọ̀bù yín ní ọjà Katako láràárọ̀. Mo ṣì ń to àǹkárá bí ẹ ṣe kọ́ mi, kí èyí tó dúdú wà nísàlẹ̀, kí èyí tó ń tàn wà lókè, kó lè máa bá wa pe oníbàárà. Bí mo bá tò ó sódì, ó máa ń ṣe mí bíi pé ẹ dúró lẹ́yìn mi, tí ẹ ń wúkọ́ díẹ̀díẹ̀ bí ìṣe yín nígbà tí ẹ kò bá fẹ́ bá mi wí lójú ará ìta.

Ọ̀rọ̀ Àṣàkẹ́ ni mo fẹ́ bá yín sọ. Mo mọ̀ pé òun lẹ máa kọ́kọ́ béèrè, kí ẹ tó rántí èmi tí ẹ bí. Ọmọ-ọmọ yín ti di òǹkàwé, Bàbá. Ìwé ló fi ń jẹun, ìwé ló fi ń sùn. Ṣùgbọ́n irú ìwé tó ń fẹ́ yìí ti sọ mí di alárìnkiri nínú ọjà tí mo dàgbà sí.

Ìwé ìtàn gígùn tó jọ àlọ́ ló ń fẹ́. Inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣókùnkùn. Kí igbó wà níbẹ̀, kí kùrukùru bo ọ̀nà, kí ilé kan dá wà tí ẹnikẹ́ni kò mọ ẹni tó ń gbé inú rẹ̀. Kí iwin wà, kó má sì jẹ́ iwin tó ń rẹ́rìn-ín. Lékè gbogbo rẹ̀, ìtàn náà gbọ́dọ̀ parí sínú ìwé kan ṣoṣo, kò gbọdọ̀ ní apá kejì. Bí mo bá mú ìwé wálé, ẹ̀yìn ló máa kọ́kọ́ ṣí. Tó bá ti rí i pé wọ́n kọ "à suivre" síbẹ̀, pé ìtàn ṣì ń bọ̀, á pa á dé, á sì gbé e fún mi padà bí ẹni tí wọ́n ta ẹja tó ti bàjẹ́ fún.

Ẹ̀yin náà lẹ kó o ràn án. Lẹ́yìn ìrun alẹ́, tí a bá ti tẹ́ ẹní sí àgbàlá wa ní Banifandou, tí ẹ ti gbé ìkòkò tíì kékeré yẹn ka ẹyin iná, ẹ ó ti fìlà yín sẹ́yìn, ẹ ó sì ké "Àlọ́ o!" bíi pé gbogbo àdúgbò ló jókòó níwájú yín, kì í ṣe ọmọdébìnrin kan àti ìyá rẹ̀. N kò rántí pé oòrùn ràn rí nínú àlọ́ yín. Igbó ni ṣáá, irà ni ṣáá, àti odò burúkú yẹn tó máa ń gba òjìji lọ́wọ́ àwọn tó wá pọnmi. Ẹ kì í sì í dá àlọ́ sí méjì. Tíì ìbáà hó dànù, oorun ìbáà máa kun Àṣàkẹ́, ẹ ó parí rẹ̀. Kí ló dé tí ẹ kì í fi í sílẹ̀ di ọ̀la, Bàbá? N kò bi yín rí. Mo rò pé àyè ṣì wà láti béèrè.

Lẹ́yìn tí ẹ lọ, mo gbìyànjú láti dúró sípò yín. Mo tẹ́ ẹní, mo gbé tíì kaná, mo ké "Àlọ́ o!" Àṣàkẹ́ kò dáhùn. Ó dìde, ó wọlé lọ. Mo tún dán an wò nírọ̀lẹ́ mìíràn, ó fi ọwọ́ di etí. Inú bí mi, n kò ní purọ́. Mo ní bóyá ohùn mi ni kò dùn tó tiyín, ẹ̀yin náà lẹ kúkú máa ń sọ pé ẹ̀rọ ìlọta ló jọ. Ìgbà tó yá ló wá ní ìwé lòun ń fẹ́, ìwé èdè Faransé, tí òun lè dá jókòó kà. Mo gbà. Ọmọ tó ní òun fẹ́ kàwé, ta ni yóò ní kó má kà?

Súmánà ni mo kọ́kọ́ lọ bá, ọmọ Zarma tó ń tẹ́ ìwé àlòkù sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn onípákó. Ẹ mọ̀ ọ́n, òun ló máa ń wá sá oòrùn nínú ṣọ́ọ̀bù yín, tí ẹ kọ́ ní Yorùbá díẹ̀. Mo ṣàlàyé ohun tí mo ń wá. Ó mi orí bí ọ̀jọ̀gbọ́n, ó fa ìwé kan tó nípọn jáde, ó ní, "Madame, eléyìí, òkùnkùn pọ̀! Trop même!" Mo gbé e délé. Àṣàkẹ́ ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Apá kìíní ni, àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ kò sì sí ní gbogbo Katako. Mo dá a padà. Súmánà ní, "Kala suuru." Ẹ mọ̀ pé lójú tirẹ̀ kò sí ìṣòro tí sùúrù kì í ṣe oògùn rẹ̀. Ó fún mi ní òmíràn. Ìyẹn jẹ́ apá kẹta, ká tó mọ ibi tí ìtàn ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti ń sin òkú.

Mo lọ sí ilé ìtàwé ńlá kan láàárín ìlú, níbi tí ẹ̀rọ ti ń fẹ́ atẹ́gùn tútù síni lọ́rùn. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ dá mi lóhùn tọ̀yàyà-tọ̀yàyà. Ó kó ìwé aláwòrán fún mi, àwọn ọmọ ọba, òdòdó, ẹṣin funfun. Nígbà tí mo gbé ọ̀kan dé ilé, Àṣàkẹ́ ṣí i wò síwá sẹ́yìn, ó wá wò mí tàánú-tàánú. "Maman, oòrùn ti pọ̀ jù nínú eléyìí." Ní Niamey níbí, níbi tí oòrùn ti ń yan wá bí ẹran súyà, ọmọ yín ní oòrùn pọ̀ jù nínú ìwé! Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo wo ibi tí ẹ máa ń jókòó sí, pé kí ẹ ṣáà gbọ́ ọ.

Ó ṣe díẹ̀, Súmánà ránṣẹ́ pè mí. Ìdílé àjèjì kan ní Koira Kano ń kó lọ sí ìlú wọn, wọ́n sì ti kó páálí ìwé kan fún un. Ó ti fúnra rẹ̀ yẹ ẹ̀yìn gbogbo wọn wò kí n tó dé. Ó gbé ọ̀kan lé mi lọ́wọ́. "Eléyìí, c'est fini-fini, ó parí pátá. Mo ti wò ó." Ìwé dúdú kan ni, tí àwòrán ara rẹ̀ ti ń bó. Ìtàn ọmọbìnrin kan ni, tó ń dá gbé létí irà, tí Òkùnkùn fúnra rẹ̀ máa ń wá kan ilẹ̀kùn rẹ̀ láti tọrọ iyọ̀. Ọmọ náà kò gbọdọ̀ fún un, kò sì gbọdọ̀ sọ pé kò sí. Èmi gan-an ka ojú ewé àkọ́kọ́ lórí ìdúró, orí mi sì wú.

Ọjọ́ Àìkú ni Àṣàkẹ́ kà á tán, lábẹ́ igi dóńgóyárò àgbàlá wa. Ó gbé e lé àyà, ojú rẹ̀ ń dán. Oòrùn ti wà láàárín orí. Mo bi í bóyá ọmọ náà padà fún Òkùnkùn níyọ̀ ṣá. Ó la ẹnu, ó ti ń bẹ̀rẹ̀, ló bá gbójú sókè, ó rí oòrùn. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀. Ẹkún ló tẹ̀ lé e, ẹkún tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ tí a sin yín pàápàá.

Bàbá, ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ yìí ti dá gbé. Olùkọ́ wọn níléèwé ti ní kí oníkálukú sọ ìtàn ilé rẹ̀. Àwọn ọmọ Hausa sọ tiwọn, àwọn ọmọ Zarma sọ tiwọn. Nígbà tó kàn án, ó dìde, ó pa àlọ́ odò yín fún wọn lọ́sàn-án gangan, pẹ̀lú orin àti gbogbo rẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì parí tí ẹ fi dákẹ́.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ pé a kì í pàlọ́ lọ́sàn-án, pé ẹni tó bá dán an wò, ìyá rẹ̀ á sọnù. Ẹ̀rín lẹ fi ń sọ ọ́, bí gbogbo àgbà ṣe ń fi ẹ̀rín sọ ọ́. Ọmọ tó dàgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́ á ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn, á ti rí ọmọ aládùúgbò tó rú òfin náà tí ìyá rẹ̀ ṣì ń lọ sọ́jà. Níbí, ẹnu yín nìkan ni Àṣàkẹ́ ti gbọ́ ọ. Ẹ sì ti lọ, kò rí ẹni bi mọ́.

"Ẹ̀yin ló yẹ kó kàn, Maman," ó sọ fún mi. "Bàbá Àgbà ló bọ́ síwájú yín. Et maintenant, tí n bá tún pa á, ta ló kù tó máa bọ́ síwájú?"

Ìdí nìyẹn tó fi máa ń wá gbé etí lé mi láyà ní òwúrọ̀ kùtù. Mo rò pé ìkẹ́ lásán ni. Ìdí nìyẹn náà tó fi ń wá ìwé tó parí. Ìtàn tó bá ní ó di ọ̀la, kò dá ọmọ mi lójú ẹni tó máa ṣẹ́ kù lọ́la.

Mo ṣàlàyé títí ẹnu fi ń ro mí. Mo sọ fún un pé àìsàn kíndìnrín ti ń bá yín fà á kó tó mọ̀ ọ́n kà, pé dókítà ti pè wá sọ. Mo sọ ohun tí ẹ̀yin fúnra yín sọ fún mi nígbà kan, pé nítorí iṣẹ́ oko ni àwọn àgbà ṣe dá òfin náà sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà jókòó ti àlọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ó ń mi orí, bí ọmọdé ṣe ń mi orí nígbà tó bá mọ̀ pé wọ́n ń rẹ òun lẹ́kún lásán. Bàbá, kí ló dé tí ẹ kò sọ ti oko yẹn fún òun náà? Inú bí mi sí yín díẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ forí jì mí, ó ti tán.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ kò ṣiṣẹ́, mo gbé àpótí ìjókòó mi kúrò lábẹ́ igi, mo gbé e sínú oòrùn, mo jókòó. Mo ní, "Èmi ni ìyá. Bí nǹkan kan bá ń wá ìyá, èmi ló ń wá. Mo ti jókòó dè é. Pàlọ́." Ó kọ̀. Mo ní n kò ní dìde. Òógùn ń ṣàn wọ̀ mí lójú, àtàrí mi ń gbóná, ọmọ yìí ń bẹ̀ mí, ó ń fà mí lápá. Mo kọ̀ jálẹ̀, ẹ sì mọ ọ̀dọ̀ ẹni tí mo ti jogún oríkunkun. Nígbà tó pẹ́, ohùn tín-ín-rín kan jáde.

"Àlọ́ o."

Mo fi gbogbo agbára ọ̀fun mi dáhùn, "Àlọ̀!" Obìnrin Zarma tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa yọrí lórí ògiri. "Ifo no?" Ó ń béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo dá a lóhùn pé kò sí láburú, ọmọ mi ló ń pàlọ́.

Ó pa á, Bàbá. Yorùbá rẹ̀ kò kún, ẹ̀yin náà mọ̀. Irà di "marais" lẹ́nu rẹ̀, kùrukùru di "brouillard". Ṣùgbọ́n nígbà tí Òkùnkùn kan ilẹ̀kùn, Yorùbá ni Òkùnkùn náà sọ, ó sì fa ọ̀rọ̀ nílẹ̀ bí ẹ ṣe máa ń fà á: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bùn mí níyọ̀ díẹ̀." Ó dá orin sí i tí kò sí nínú ìwé, mo sì ń gbè é. Ó wá dé ìparí. Ọmọ náà ṣílẹ̀kùn, ó ní kí Òkùnkùn wọlé wá jẹun, nítorí inú ọbẹ̀ ni iyọ̀ wà. Òkùnkùn jókòó, ó jẹun, kò sì tọrọ nǹkan kan mọ́.

Lẹ́yìn náà, Àṣàkẹ́ kò kúrò lẹ́yìn mi. Mo bá lọ pọnmi, ó tẹ̀ lé mi, mo bá lọ kírun, ó jókòó sẹ́nu ẹní. Ó di etí ìró mi mú sùn. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, mo gbé epo kaná, mo ń din màsà, ni mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wò mí láti orí délẹ̀ bí ẹni ń yẹ ọjà wò. Mo na màsà kan sí i. Kò tíì jẹ ẹ́ tán tó fi na ọwọ́ fún òmíràn.

Lọ́jọ́ náà, ó bá mi lọ sí Katako. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí ìwé Súmánà, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò, ó wá mú ọ̀kan tó jẹ́ àwọ̀ èédú. Ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Èmi náà rí "à suivre" tí wọ́n kọ síbẹ̀, mo ti ń múra láti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Súmánà ní òun kò mọ ibi tí apá kejì wà. Àṣàkẹ́ gbé ìwé náà sábíyá. "Ça fait rien, Maman, kò ṣe nǹkan kan," ó ní. "A ó jọ máa wá a."

Bàbá, ẹ má tíì retí mi o.

Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó ṣì wà lókè eèpẹ̀,
Ìyá Àṣàkẹ́