Ẹ̀jẹ̀ Zayd Fúnra Rẹ̀

Màámi,

Ẹ kú ojú lọ́nà wa. Ara Zayd yá gágá. Ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mò ń sunkún lójú oorun. Jímọ̀ ni wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn rẹ̀ ní Ìlọrin níbí. Dókítà ní àwọn kì í fi ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì sí ọmọdé lára tí kò bá pọn dandan. Ẹ̀rọ máa gba ẹ̀jẹ̀ tiẹ̀ tó bá dà, á fọ̀ ọ́, á dá a padà. Mo kà nípa rẹ̀, ó mọ́gbọ́n dání. Mo bi dókítà pé, "Tí kò bá wá tó ń kọ́?"

"Ìyá Zayd, ẹ tún ti dé!"

Èmi náà bá a rẹ́rìn-ín.

Ẹ bá mi kí àwọn ará Ìjagun tó fẹ́ wá fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n má wulẹ̀ yọnu. Kí Kàmọ́rù àbúrò mi nìkan wọkọ̀ wá kó tó di Jímọ̀, kó kàn wá kí wa ni. Ẹ̀jẹ̀ tiẹ̀ àti ti Zayd bára mu.

Ọmọ yín,
Ameenat