Ohun Tí Wọ́n Rí Nínú Ẹ̀jẹ̀ Mi

Ìsàlẹ̀-Ọ̀yọ́,
Ọ̀yọ́.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù keje, ọdún 2024.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Àǹtí Waliyat,

Àsàláámù àlékùn. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú làálàá ìwé. Mo gbà á ládùúrà pé kí lẹ́tà yìí bá yín nínú àlàáfíà, kí ẹsẹ̀ tó ń dùn yín níjelòó ti fúyẹ́, kí iná sì máa wà dáadáa ní Under G, Ògbómọ̀ṣọ́ níbẹ̀, kí ẹ lè rí ìwé kà. Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ tiwa, a wà. Dámisí, ọmọ yín, wà. Ó pé oṣù mẹ́rìndínlógún ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ó ti ń sáré kiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, eyín rẹ̀ ti di mẹ́wàá. Ẹ fọkàn balẹ̀ lórí tirẹ̀ kí ẹ tó ka èyí tó kù.

Ẹ ó máa rò ó pé kí ló dé tí mo fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti pè yín lórí ọ̀rọ̀ yìí. Bí ẹ bá ti gbé e, ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ sọ ni, "Dámisí mi ńkọ́?" Màá ní ó wà, a ó jọ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ẹ ó ní olùkọ́ ti wọlé. Ó ti rẹ̀ mí láti máa gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Nínú ìwé, kò sí ẹni tó máa já a gbà mọ́ mi lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó máa gbọ́ ọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ẹ rántí pé ọmọ oṣù méje ni Dámisí nígbà tí ẹ gbé e wá. Ọdún mẹ́rin lẹ ti ń retí kí ilé ẹ̀kọ́ yẹn gbà yín, Bàbá Dámisí sì wà lójú ọ̀nà Kánò pẹ̀lú tírélà wọn. Èmi ni mo ní kí ẹ gbé e wá, mi ò sì kábàámọ̀. Ohun tí mi ò sọ fún yín ni bí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ṣe rí. Ó ń mu ẹ̀kọ tí mo bá fi ṣíbí fún un, ṣùgbọ́n ìgò fíídà, ahọ́n ló ń fi tì í síta. Bí oorun ọ̀sán bá ti ń kùn ún, á bẹ̀rẹ̀ sí í wá àyà mi kiri, bí kò bá rí ohun tó ń wá, á ké títí ohùn rẹ̀ á fi há. Ní ọjọ́ kẹrin, ìyá ọkọ mi jáde láti yàrá wọn. Wọ́n ní, "Raliat, ṣé o fẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ kú sí ọ lọ́wọ́ ni? Fi ọmú sí i lẹ́nu jàre! Kò kúkú sí nǹkan kan níbẹ̀, ọmọ kàn fẹ́ rí nǹkan dì mú ni. Ṣèbí èmi náà fi tèmi tan àwọn ọmọ-ọmọ mi, nígbà tó ti rọ bí àpò òfìfo." Mo ṣe bí wọ́n ṣe wí. Ó dákẹ́, ó sùn. Èmi náà sùn, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí ẹ ti lọ.

Ní bí ọ̀sẹ̀ keje, mo wà nídìí maṣíìnì, mò ń ránṣọ, mo rí i pé iwájú bùbá mi tutù. Mo rò pé omi ni mo dà sí ara mi. Mo fọwọ́ kàn án, mo gbóòórùn ọwọ́ mi, mo sì mọ̀. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Aṣọ ìnura kékeré ni mò ń ká sí abẹ́ kọ́mú. Ojú ń tì mí, nítorí ẹni tí kò bímọ rí ni mí. Ẹ má bínú, inú mi sì tún ń dùn. Inú mi dùn gan-an ni.

Nǹkan oṣù mi, tí mo máa ń sàmì rẹ̀ sí ara kàlẹ́ńdà, ọjọ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni, kì í yẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà náà, ó gùn di ọjọ́ méjìdínlógójì, lẹ́yìn náà kò wá mọ́. Ààwẹ̀ Ràmàdáánì ọdún yìí, ọgbọ̀n ọjọ́ gbáko ni mo gbà láìjẹ ẹyọ kan. Obìnrin tó bá ń rí nǹkan oṣù kì í gbààwẹ̀, ẹ sì mọ̀ pé kò sí bí ìyá ọkọ kò ṣe ní ṣàkíyèsí ìyẹn. Kí a tó ṣínu ọjọ́ ìkẹyìn, wọ́n ti ń pè mí ní Ìyá Ìbejì, wọ́n ń yọ ẹran tó tóbi jù sí àwo mi. Lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀, a lọ ṣe àyẹ̀wò oyún. Kò sí oyún. Ọjọ́ náà ni Ìyá Ìbejì parí. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún ọkọ mi, Mubaraq, pé, "Ọdún méjì ti pé tí ẹ ti fẹ́ra. Mi ò ní kí o lé ìyàwó rẹ o, ọmọ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n mo rí ọmọbìnrin kan lọ́jà Àkẹ̀sán." Mubaraq tẹjú mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Igbá ló ń fín lọ́wọ́. Nígbà tí mo lọ gbá ìdọ̀tí rẹ̀, mo rí i pé ọ̀bẹ ti gba inú igbá náà já.

Nítorí náà ni mo ṣe wá sí Ògbómọ̀ṣọ́ nínú oṣù karùn-ún. Bẹ́ẹ̀ ni o, mo wá, mi ò sì yà sọ́dọ̀ yín. Mi ò fẹ́ ṣe àyẹ̀wò ìdí tí nǹkan oṣù mi fi dúró l'Ọ́yọ̀ọ́ níbi tí gbogbo ènìyàn ti mọ ìyá ọkọ mi. Obìnrin tó gba ẹ̀jẹ̀ mi ní ilé ìwòsàn náà ń jẹ́ Leah, àgbàlagbà ni, ó lẹ́nu bí nǹkan míì. Ó ní kí n jókòó jẹ́ẹ́ fún ààbọ̀ wákàtí kí ara mi kọ́kọ́ balẹ̀. Ó ní, "Kì í ṣe ibà là ń wá nínú ẹ̀jẹ̀ tí mo fẹ́ fà yìí o. Hòmóònù ni. Òun ni ara fi ń ránṣẹ́ sí ara. Nǹkan kékeré kan wà lábẹ́ ọpọlọ rẹ, kò ju hóró ẹ̀wà lọ, ibẹ̀ ló ti ń pàṣẹ fún ilé ọmọ, fún ọmú, fún ọ̀fun. Bí àṣẹ kan bá pọ̀ jù, ó lè pa òmíràn lẹ́nu mọ́." Lẹ́yìn náà ló wá bi mí lójú gbogbo obìnrin tó wà lórí bẹ́ǹṣì pé, "Ǹjẹ́ ọkọ rẹ fọwọ́ kan ọmú rẹ láàárọ̀ yìí? Má tijú, ó máa ń mú ọ̀kan lára wọn ga sókè." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá kan ní, "Òun ni kí ẹ bi o, ẹ má bi èmi!" Mo ní rárá, kò fọwọ́ kàn án.

Òótọ́ ni mo sọ, ọ̀rọ̀ ọkọ ni wọ́n bi mí, wọn ò bi mí nípa ọmọ. Dámisí ti mu ọmú méjèèjì láàárọ̀ ọjọ́ náà kí n tó gbé e sílẹ̀ fún ìyá ọkọ mi, kò sì wá sí mi lọ́kàn rárá. Nínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n ní kí n kọ, wọ́n bèèrè pé ọmọ mélòó ni mo bí. Mo kọ òdo. Èyí tó tẹ̀lé e ni pé ṣé mò ń fún ọmọ lọ́mú. Mo fa ìlà sí i. Ẹni tó kọ òdo, kí ló kàn án nínú ìyẹn?

Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, mo padà lọ gba èsì. Ìlà márùn-ún ló wà nínú ìwé náà. Mẹ́rin wà níbi tó yẹ kí wọ́n wà. Dókítà, Dókítà Akínkúnmi, fi bírò yípo ẹ̀karùn-ún. Ó ní orúkọ rẹ̀ ni pùroláktíìnì, òun ló ń pàṣẹ kí wàrà wá sí ọmú, bó bá sì ti pọ̀, kì í jẹ́ kí ẹyin obìnrin gbó. Kò yẹ kó ju mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ. Tèmi jẹ́ mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. Ó ní, "Bí o bá ń tọ́mọ lọ́wọ́ ni, ǹ bá ní ó bọ́gbọ́n mu. Ṣùgbọ́n o ò bímọ. Ó lè jẹ́ pé kókó kékeré kan ti hù lábẹ́ ọpọlọ. A máa ní láti ya àwòrán orí rẹ n'Íbàdàn." Ó tún sọ̀rọ̀ pé irú kókó bẹ́ẹ̀ kì í sábà pani, pé oògùn wà fún un. Mo gbọ́ kókó, mi ò gbọ́ ìyókù mọ́.

Ẹ ó ní kí ló dé tí mi ò là á fún wọn níbẹ̀. Èmi náà ti bi ara mi. Lójú tèmi, kì í ṣe pé mò ń fún ọmọ lọ́mú. Mo kàn ń tan ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni, bí wọ́n ṣe ní kí n ṣe. Nígbà tí mo jáde, oníkẹ̀kẹ́ kan ń pariwo, "Under G! Under G!" Ó wò mí bóyá màá wọlé. Mo yí ojú sí ọ̀nà gáréèjì.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi rò pé nǹkan ń hù sí mi lórí. Mo sọ fún Mubaraq. Kò lè jẹun dáadáa. Nígbà tó tó àkókò láti lọ gba ìwé tí màá mú lọ sí Ìbàdàn, ìyá ọkọ mi ti lọ síbi ìsọmọlórúkọ ní Ìkòyí-Ilé, mo wá pọn Dámisí lọ. A jókòó lórí bẹ́ǹṣì, oorun ń kùn ún, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́tìnnì mi. Mo fi ìborùn bò ó. Leah ń kọjá lọ. Ó dúró. Ó padà sẹ́yìn.

"Ta ló lọmọ yìí?"

Mo ní ti ẹ̀gbọ́n mi ni.

"Kí ló ń mu níbẹ̀?"

Mo fa ìborùn náà mọ́ra. Ó ṣí ìborùn, ó rí wàrà lẹ́nu ọmọ. Ó kígbe, "Háà! Ìwọ ọmọbìnrin yìí! A ti fẹ́ gbé orí ẹ lọ sí Ìbàdàn, àṣé ẹni tó mọ ìdí ọ̀rọ̀ ti jókòó sí ẹ láyà, ó ń jẹun!" Ó rẹ́rìn-ín títí, gbogbo bẹ́ǹṣì bá a rẹ́rìn-ín. Èmi ń sunkún. Nígbà tó rí i, ó jókòó tì mí, ó sì bá mi nu ojú.

Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní àyẹ̀wò náà kò ṣàṣìṣe: ara mi ń ṣe ohun tí ara abiyamọ máa ń ṣe, nítorí ọmọ tó bá ń fa ọmú déédéé lè mú wàrà wá fún ẹni tí kò bímọ. Ó ní ẹ̀jẹ̀ lè sọ pé nǹkan pọ̀, kò lè sọ ìdí rẹ̀, èmi ló yẹ kí n sọ ìyẹn. Kí n já ọmọ náà lẹ́nu ọmú pátápátá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọn á tún ẹ̀jẹ̀ gbà. Bó bá ti wálẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ àwòrán orí mọ́, nǹkan oṣù mi á sì padà. Bí kò bá wálẹ̀, a ó lọ sí Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ṣì ń mu ún, kò sí ẹni tó máa lè mọ̀ bóyá kókó wà tàbí kò sí.

Nǹkan kan tún wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ. Mubaraq bi àáfáà wa. Àáfáà ní ọmọ tó bá ti mu ọmú obìnrin yó nígbà bíi márùn-ún kó tó pé ọdún méjì, ó ti di ọmọ rẹ̀ nìyẹn. Bí Ọlọ́run bá fún mi lọ́mọbìnrin lọ́la, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gan-an ni Dámisí, kò lè fẹ́ ẹ. Mo ti sọ ọmọ yín di ọmọ mi láì bi yín. Mo kúnlẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí. Ìyá ọkọ mi náà gbọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní, "Èmi ni mo ní kí o ṣe é." Wọ́n wọ yàrá wọn. Láti ìgbà náà wọn ò dárúkọ ọmọbìnrin Àkẹ̀sán mọ́. Ṣùgbọ́n mo rí i pé wọ́n máa ń wo kàlẹ́ńdà mi bí wọ́n bá ń kọjá.

Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí dókítà ti sọ̀rọ̀, mi ò tíì lè já a. Mo fi omi ewúro pa orí ọmú. Ó lá a, ó yọ ahọ́n síta, ó wò mí bíi pé mo lù ú, ó ké, lẹ́yìn náà ó mu ún bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú kíkorò rẹ̀. Mo gbé e fún Mubaraq, mo lọ jókòó sí ilé aládùúgbò wa. Mo gbọ́ igbe rẹ̀ láti ibẹ̀, aṣọ mi sì tutù kí n tó mọ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo lè fara dà pẹ́ jù. Ní ọjọ́ karùn-ún mo jókòó sílẹ̀ láàárín ilé, mo sì fún un.

Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti rẹ̀ mí. Bí èmi àti Dámisí bá jọ wà nínú ilé kan náà, mi ò ní lè já a. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá gbé Dámisí ní Sátidé tó ń bọ̀. Mo mọ̀ pé ìdánwò yín ku ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn kí n tó kọ ọ́, mi ò rí ọ̀nà míì. Bí èsì ẹ̀jẹ̀ mi bá wálẹ̀, tí ọmú sì ti gbẹ, tí ẹ bá tún fọkàn tán mi, ẹ gbé e padà wá, màá gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ yege. Kò ní jẹ́ kí ẹ sunkún ọmọ. Á mú Bàbá Dámisí dé láyọ̀ láti ojú ọ̀nà, á sì jẹ́ kí a jọ jókòó rẹ́rìn-ín lórí ọ̀rọ̀ yìí lọ́jọ́ kan. Mubaraq kí yín. Ìyá ọkọ mi náà kí yín.

Èmi ni àbúrò yín tòótọ́,
Raliat.

Àfikún: Bí ẹ bá nawọ́ sí i, ó lè má wá, ó lè sá sí ẹ̀yìn ìyá ọkọ mi. Ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Èmi ló ń pè ní Màmá báyìí. Mi ò kọ́ ọ, mi ò sì sọ fún un pé kó má pè mí bẹ́ẹ̀. Mi ò ní sí nílé nígbà tí ẹ bá dé, kó má bàa rí mi. Ẹ gbé e kí ẹ máa lọ, ẹ má dúró dè mí.