Ọ̀dà Ayọ̀ Tí O Fi Ránṣẹ́

Abà Ajíṣafẹ́,
Lẹ́yìn Ìyànà Ọ̀fà.
Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun.

Kaothar ọmọ mi,

Kí àlàáfíà Ọlọ́run máa bá ọ gbé ní Àbújá níbẹ̀ o. Báwo ni ara, báwo ni iṣẹ́, báwo ni àwọn tí ẹ jọ ń ya àwòrán ilé? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o ya ilé fún ènìyàn títí kí ìwọ má rí tìrẹ gbé. Ara tèmi le, àfi orúnkún nìkan ni kò gbọ́ràn. Mo ní kí n kọ lẹ́tà nítorí pé bí mo bá pè ọ́ lórí fóònù, wàá ní, Bàbá, mo wà nínú mítìn, mò ń pè yín padà. Lẹ́tà kò bìkítà bóyá o wà nínú mítìn, ó lè dúró dè ọ́ lórí tábìlì bí èmi náà ṣe ń dúró dè ọ́ níbí.

Láyí tí o rán wá láti Olódò kí ó kun ilé ti ṣiṣẹ́ rẹ̀ tán. Ó fi ọ̀dà tó pọ́n bí ìyeyè kun pálọ̀, nítorí o ní òun ló ń fúnni láyọ̀. Ó kun yàrá mi ní búlúù, nítorí o ní òun ló ń fi ọkàn balẹ̀ tó sì ń fa oorun. Èyí tó ṣẹ́ kù nínú ìyeyè ló fi kun iwájú ilé. Nígbà tí mo sọ fún ọ pé láti ìgbà tí Hàjàrá ìyá rẹ ti fi wá sílẹ̀ ni oorun ti dá lójú mi, tí ilé sì pa rọ́rọ́, mo rò pé wàá sọ pé ò ń bọ̀ ni. O ní àwọ̀ ilé ni kò dára, pé wọ́n kọ́ yín níléèwé pé àwọ̀ ara ògiri a máa ṣiṣẹ́ lọ́kàn ènìyàn. Mo gbà. Ọmọ tí mo ta kòkó rán níléèwé, bí n kò bá gba òun gbọ́, ta ni n ó gbà gbọ́?

Mo bi Láyí pé ìgbà mélòó lóòjọ́ ni kí n máa wò ó, ṣé kí n tó jẹun ni àbí lẹ́yìn oúnjẹ. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lórí àkàbà, ó ní Bàbá, ẹ kàn máa gbé inú ẹ̀ ni. Kò mọ̀ ọ́n, kò kàwé tó ọ. Mo wá ṣètò ara mi, lẹ́yìn ìrun àárọ̀ mo máa ń kọjú sí ìyeyè, lẹ́yìn ìrun alẹ́ mo máa ń kọjú sí búlúù. Ṣùgbọ́n búlúù yìí ní ìṣòro kan tí ẹ̀yin onímọ̀ kò rò. Bí mo bá pa iná, n kò rí i mọ́, oògùn tí ojú kò rí, báwo ni yóò ṣe ṣiṣẹ́? Mo gbé iná sólà kọjú sí ògiri kí àwọ̀ lè máa wọlé sí mi lára, iná yẹn kò sì jẹ́ kí n sùn. Mo gbìyànjú kí n pa ojú kan dé kí n la ìkejì, ọrùn ló dùn mí.

Ti ìyeyè kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ o, n kò ní purọ́. Gbogbo abà ló wá wò ó. Mùsílímátù aládùúgbò wa mú ọkọ rẹ̀ wá, ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n jẹ́ kó jókòó sínú yàrá búlúù di ìrọ̀lẹ́, pé ìbínú rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ọkùnrin náà jókòó, ìbínú tó fi jáde ju èyí tó bá wọlé lọ, ebi ló ń pa á. A rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú mi. Àwọn kan ń jẹ ẹ̀pà, àwọn kan ń ta ayò, ẹnìkan tilẹ̀ gbàgbé bàtà síbẹ̀. Mo ní ọmọ mi mọ̀wé, ọ̀dà ayọ̀ nìyí. Àfi bí òjò ṣe rọ̀, tí oníkálukú gba oko lọ gbin àgbàdo, kò sí ẹni tó yà mọ́. Ìyeyè ṣì wà lára ògiri, ayọ̀ ni n kò rí. Mo kọ́kọ́ rò pé ọjọ́ oògùn ti kọjá, mo yí ike ọ̀dà wò bóyá wọ́n kọ ọ́ sí i lára. Ẹ̀yìn náà ni mo rántí pé ènìyàn laṣọ ni àwọn àgbà wí, wọn kò sọ pé ọ̀dà laṣọ. Ògiri ti wọ aṣọ tuntun, Kaothar, èmi ni mo wà níhòòhò. Bàtà tí wọ́n gbàgbé ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, kò sí ẹni tó wá mú un.

Ilé ìdáná ni n kò jẹ́ kí Láyí fọwọ́ kàn. Ó fẹ́ kùn ún ní funfun, ó ní irú dúdú bẹ́ẹ̀ ń ba ọkàn jẹ́, mo lé e jáde. Èéfín iná ìyá rẹ ló sọ ògiri yẹn di dúdú. Ojú kan wà níbẹ̀ tí kò dú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àárò, níbi tó máa ń fẹ̀yìn tì bó bá jókòó sórí àpótí tó ń yan àgbàdo. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló nu ibẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí a kò tíì bí ọ. Nígbà tí búlúù sú mi, mo ká ẹní lọ síbẹ̀, mo fẹ̀yìn ti ojú ibẹ̀, oorun sì gbé mi lọ. Ìwọ tí o mọ̀wé, kí ni wọ́n kọ́ yín nípa dúdú? Bá mi wò ó dáadáa, mo rò pé wọ́n gbójú fò ó.

Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀. Owó ni mo fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ rẹ. Má fi í sí báǹkì, wọ́n ní ẹ̀rọ ni yóò kà á fún mi, ẹ̀rọ tó ń fún ẹni tí kò mọ̀ rí lówó, n kò mọ ohun tí yóò gbà padà. Owó ọkọ̀ láti Àbújá dé Ìbàdàn, àti láti Ìbàdàn dé Ìyànà Ọ̀fà ni mo ń tọrọ. Mú un dání fúnra rẹ, kà á lé dírẹ́bà lọ́wọ́, kí o sì jókòó sẹ́yìn rẹ̀ títí yóò fi já ọ sílẹ̀. Bí Iléyá bá bá ọ níbí, owó mi ti pé.

Ọlọ́run Ọba yóò ṣọ́ ọ ní lílọ àti bíbọ̀. Ilẹ̀kùn rere kò ní tì mọ́ ọ. Ìwọ kò ní dá jókòó lọ́jọ́ ogbó rẹ. Kí Ọlọ́run tan ìmọ́lẹ̀ sí ibojì ìyá rẹ, àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Gàfárù.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé. O kò tíì fojú rí ilé yìí láti ìgbà tó ti pààrọ̀ àwọ̀, o lè kọjá rẹ̀ láìmọ̀. Èmi yóò máa jókòó síta, lábẹ́ igi máńgòrò. N kò kun ọ̀dà kankan, wàá dá mi mọ̀.