Bẹ́ẹ̀dì Yín Ṣì Wà Lórúkọ Yín

Bàbá mi àtàtà,

N kò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó wà ní ibi méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wà lábẹ́ ilẹ̀ yàrá yín ní Bẹyẹrúnkà, níbi tí a sin yín sí. Ẹ tún wà lórí bẹ́ẹ̀dì etí fèrèsé ní wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin, níbi tí ọsibítù sọ pé ẹ ṣì ń gba ìtọ́jú.

Ọ̀rọ̀ Múfútáù ọmọ yín ni mo bá wá. Ó já bọ́ láti orí òrùlé tó ń kan páànù sí ní Bẹẹrẹ, egungun itan rẹ̀ sì dá. Orí ẹní ló wà báyìí, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọ́ọ̀dù yín, òjò ń ta sí i lára. Dókítà ní àfi kí òun so ẹsẹ̀ náà rọ̀ mọ́ irin bẹ́ẹ̀dì kí egungun tó lè tò. Bó bá pẹ́ nílẹ̀ bẹ́ẹ̀, gígé ni. Gbogbo bẹ́ẹ̀dì ló kún, àfi tiyín.

Àwa la fà á. Àárọ̀ Jímọ́ lẹ dákẹ́, Mọ́gàjí sì ní òkú Mùsùlùmí kì í sùn di ọ̀la. A gbé yín gba ẹ̀yìn ọsibítù jáde, a wẹ̀ yín, a kírun sí yín, a sì ti sin yín kí àwọn akọ̀wé tó ti ibi oúnjẹ ọ̀sán dé. Kò sẹ́ni tó rántí pé ó yẹ kí ènìyàn gbàṣẹ kó tó kú.

Mo lọ bá ọ̀gá akọ̀wé.

“Níbo ni òkú wà?”

“A ti sin wọ́n, sà.”

“Ta ló yọ̀ǹda?”

“Mọ́gàjí ilé wa ni, sà.”

“Ṣé dókítà ni Mọ́gàjí?”

“Rárá, sà. Aláṣọ òkè ni.”

Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. “Ọ̀gbẹ́ni, àwo oúnjẹ bàbá yín ń padà lófìfo lójoojúmọ́. Òkú kì í jẹ ẹ̀wà. Ọjọ́ tí àwo wọn bá padà bó ṣe lọ, a ó mọ̀ pé wọ́n ti kúrò, a ó sì gbé ẹlòmíràn sórí bẹ́ẹ̀dì. Òfin nìyẹn.”

Dókítà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń wo bàtà ara rẹ̀.

Kò yà mí lẹ́nu púpọ̀. Ní ilé ìkàwé kọ́lẹ́ẹ̀jì wa, níbi tó yẹ kí n ti máa kàwé lórí ẹ̀rọ, mo ti ka ìtàn àwọn ọmọ ogun Faransé láyé ìgbà tí wọ́n bẹ́ ọba wọn lórí. Wọ́n ní dókítà tó gbóyà, tó ń fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin sáré wọ àárín ogun lọ gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́. Ẹni tí ọgbẹ́ rẹ̀ burú jù ni wọ́n kọ́kọ́ ń tọ́jú. Balógun tó kàn bó lára a dúró de ọmọ ogun lásán. Ẹ dán irú ẹ̀ wò ní Ọjà'ba, wọ́n á ní wọn ò kọ́ yín nílé. Ṣùgbọ́n àṣẹ kò sí lọ́wọ́ dókítà. Akọ̀wé ló ni koríko tí aláìsàn ń sùn lé, òun ló ni búrẹ́dì, òun ló ni kẹ̀kẹ́. Àwọn agbaṣẹ́ṣe tó ń bọ́ aláìsàn sì ń gbowó lórí iye ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì, nítorí náà òkú wọn kì í tètè kú. Wọ́n á sin ọmọ ogun láàárọ̀, á mu ọbẹ̀ lọ́sàn-án. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á.

Ẹ̀yin tí ẹ gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́ kiri ní Bọ́mà, ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí lọ́dọ̀ tiyín náà? Ẹ kì í sọ. Ohun tí a mọ̀ pé ẹ mú ti ogun bọ̀ kò ju pé ẹ máa ń da àwo dé lẹ́yìn oúnjẹ kí eṣinṣin má baà ríbi bà, ẹ ó sì gbé egungun tí ẹ ti họ mọ́ sórí ìdí àwo náà.

Ọmọ Ìbàdàn ni mí. Ohun tí olè lè ṣe, n kì í dì í ru iwin. Mo kojú Ìyá Wọ́ọ̀dù, obìnrin tó ń pín oúnjẹ.

“Ìyá, ta ló ń jẹ oúnjẹ bàbá mi?”

“Èmi lò ń bi? Èmi tí mo bímọ? Wá dúró lọ́sàn-án, kóo fojú ara rẹ wò ó. Ní tèmi, ògiri ni mo máa ń kọjú sí.”

Mo dúró. Oòrùn ń ràn. Ó gbé ẹ̀wà àti ẹran kalẹ̀, ó kọjú sí ògiri. Ọkùnrin tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì fa aṣọ borí. Eṣinṣin ṣù bo àwo náà, lẹ́yìn náà gbogbo wọn gbéra lẹ́ẹ̀kan, bí ìgbà tí ènìyàn ju ọwọ́. Mo ṣẹ́jú. N kò rí ẹnikẹ́ni, Bàbá. Àwo ti dojú dé, egungun sì wà lórí rẹ̀, ó funfun báláú. Àárín bẹ́ẹ̀dì náà tẹ̀ wọnú. Mo fọwọ́ kàn án, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Lọ́jọ́ kejì mo gbé abọ́ ìrẹsì láti ilé, mo fẹ́ gbé e lọ sí kíṣìnnì bí ẹni pé tiyín ni ẹ kò jẹ. Múfútáù kérora, mo yíjú wò ó. Kí n tó yíjú padà, ìrẹsì ti tán, abọ́ ti dojú dé. Èmi gan-an kò tí ì jẹun lọ́jọ́ náà.

Mo délé, mo sọ fún ìyá mi. Ojú wọn tàn bí n kò ṣe rí i kó tàn láti ìgbà tí ẹ ti lọ.

“Wọ́n ṣì ń jẹun? Ẹran wọn ńkọ́, ṣé ó máa ń tóbi?”

“Ó mọ níwọ̀n, Ìyá.”

“Má tún bá akọ̀wé kankan sọ nǹkan kan. Jẹ́ kí wọ́n jẹun.”

Mo wá sọ ohun tí dókítà wí nípa ẹsẹ̀ Múfútáù, mo sì sọ bó ṣe ti ń rùn. Wọn kò sunkún. Wọ́n jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń la igi ìdáná. Nígbà tí wọ́n wọlé padà, wọ́n ní, “Ìwọ lo mọ̀wé. Kọ ọ́ sí wọn. Sọ fún wọn pé ìyàwó wọn ń dáná.”

Ìyá Wọ́ọ̀dù ti gbà láti fi lẹ́tà yìí sórí ìrọ̀rí yín láàárọ̀. Lọ́la, bí wọ́n bá gbé oúnjẹ dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ṣé ebi ló ń pa yín ni, àbí etí fèrèsé yẹn ló tù yín lára? Ṣé ẹ mọ̀? Bóyá kò sẹ́ni tó sọ fún yín. A kàn gbé yín sáré ni. Bó bá jẹ́ èmi ni kí n sọ ọ́, ẹ foríjì mí. Bàbá, ẹ ti kú. Múfútáù kò tí ì kú.

Ìyá ti gbá yàrá yín, wọ́n ti tẹ́ ẹní lé ibi tí ẹ wà. Wọn óò gbé oúnjẹ síbẹ̀, wọn óò sì pa ilẹ̀kùn dé. Ẹran tiwọn tóbi ju ti ìjọba lọ. Kò sẹ́ni tí yóò yọjú wò yín. Ẹ rọra gba ẹ̀gbẹ́ Múfútáù kọjá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ẹ máa bọ̀ nílé.

Èmi ni ọmọ yín,
tó ń lé yín kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, tí kò sì fẹ́ kí ẹ jìnnà.