Ilẹ̀ Tí Wọ́n Ní Kí N Sọ́rẹ́ńdà

Nyarubungo,
Ọjọ́ kejì ọjà.

Ọmọ mi Kyarisiima,

Ṣé o jí dáadáa? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Kampala fúnra rẹ̀ ńkọ́, ṣé ariwo ibẹ̀ ń jẹ́ kí ẹ sùn? Ọlọ́run tó mú ọ débẹ̀ kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ yẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé gíga tí ẹ ń gbé, iṣẹ́ kò sì ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ, àmín. Àwa náà wà. Ìyá rẹ ń kí ọ, orúnkún ọ̀tún rẹ̀ nìkan ni kò kí ọ, nítorí ó ń bá òtútù jà. Nínú agbo màlúù wa, Bihogo ti bí, akọ ni, Kyozi kò tíì bí ṣùgbọ́n ó ti ń wojú mi bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ lẹ́tà yìí o. Láti ìgbà tí mo ti wọ kíláàsì àwọn àgbà lọ́dọ̀ Tíṣà Oriva, n kò bẹ ọmọ ẹnikẹ́ni kó bá mi kọ̀wé mọ́, nítorí náà bí o bá rí ibi tí lẹ́tà kan ti ṣubú, bá mi gbé e dìde kí o máa kà lọ.

Ọ̀rọ̀ kan ti wà nílẹ̀ láti ìgbà òjò tó kọjá, n kò fẹ́ sọ fún ọ kó tó yanjú. Ìjọba fẹ́ kọ́ ilé ìgbẹ̀bí fún wa, wọ́n sì ní kò síbi tó tẹ́jú, tó sún mọ́ títì, tó sì ní omi, àfi ilẹ̀ mi níbi tí àwọn màlúù wa ti ń mumi. Ọkùnrin méjì gbé ọ̀pá gígùn kan tó dé fìlà wá, wọ́n ní ẹ̀rọ ni, pé ọ̀run ló ń bi léèrè ibi tí ààlà mi wà. Mo ní kí wọ́n má yọ ọ̀run lẹ́nu, pé èmi tí mo gbin igi ààlà náà ni mo dúró níwájú wọn yìí, kí wọ́n kúkú bi mí. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọn kò bi mí. Mo fún wọn ní wàrà, mo sì gbé díẹ̀ sídìí ẹ̀rọ náà, ṣùgbọ́n kò mu ún.

Lẹ́yìn náà ni akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀, Tumuhairwe, ọmọ Rutaro tó ń gbé òdìkejì òkè, mú fọ́ọ̀mù wá. Ó ní kí n buwọ́ lù ú kó tó di ọjọ́ Ẹtì, pé bí n kò bá ṣe é, abúlé mìíràn ni wọn yóò gbé ilé náà lọ. Mo gbé fọ́ọ̀mù lọ bá Tíṣà. Ó kà á, ó ní wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi Kosia Katondwaki sọ́rẹ́ńdà ilẹ̀ náà. Mo ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní ohun tí àwọn sójà ń ṣe nìyẹn tí wọ́n bá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè níwájú ọ̀tá. Háà! Mo ní ta ló bá mi jà? Ìdí màlúù mi ni mo wà jẹ́ẹ́jẹ́ tí wọ́n fi bá mi.

Tíṣà ní kí n fara balẹ̀. Ó ní àwọn òyìnbó ní oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń jẹ́ kí nǹkan kúrò lọ́wọ́ ènìyàn, pé ọ̀kan kì í ṣe èkejì, ó sì kọ wọ́n sójú pátákó. Ó ní bí mo bá lẹ́ńdì, yóò padà. Bí mo bá gífù, ọ̀rẹ́ ni mo ta lọ́rẹ, inú mi sì dùn. Bí mo bá gifọ́ọ̀pù, ó ti rẹ̀ mí nìyẹn, mo ti jókòó sílẹ̀. Bí mo bá yíìdì, mo yà fún ẹlòmíràn kó kọjá, ohun tí àwọn ọlọ́kadà kì í ṣe rárá. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ́rẹ́ńdà, mo jọ̀wọ́ rẹ̀ pátápátá, agbára mi lórí rẹ̀ tán. Mo wá bi í pé èwo nínú wọn ni a fi ń fúnni ní màlúù. Ó wo pátákó títí, ó ní kò sí níbẹ̀.

Kyarisiima, ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Tí a bá fún ọ̀rẹ́ ní màlúù, ó kúrò nínú agbo wa, ó wọ agbo tirẹ̀, ṣùgbọ́n okùn àárín wa kò já. Tó bá yá, ọmọ màlúù náà kan yóò padà wá sílé ẹni tó fúnni, ilé méjèèjì á sì di ẹbí. Báyìí ni bàbá mi ṣe fún Rutaro. Mo ní kí Tíṣà fa igi lé sọ́rẹ́ńdà, kó fi ti màlúù rọ́pò rẹ̀, ó kọ̀, ó ní fọ́ọ̀mù ìjọba kì í ṣe ìwé kíláàsì. Àyè kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tó ṣófo, tí wọ́n fa ìlà yí ká. Ó ní òṣìṣẹ́ ìjọba nìkan ló gbọ́dọ̀ kọ nǹkan síbẹ̀. Àyè tó dára tó bẹ́ẹ̀! Nígbà tó kẹ̀yìn sí mi, mo kọ orúkọ àwọn màlúù mi kún un, torí àwọn ló ń lo ilẹ̀ náà, ó yẹ kí ìjọba mọ̀ wọ́n.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gbé fọ́ọ̀mù náà sábẹ́ ìrọ̀rí. Àwọn ará abúlé ń wá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní Kosia, ṣé ìwọ lo fẹ́ gbé ilé ìgbẹ̀bí wa fún ẹlòmíràn, ṣé kì í ṣe pé orí rẹ ti dà rú báyìí? Mo ní kí wọ́n pè é ní nǹkan mìíràn, màá buwọ́ lù ú lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n n kò ní sọ́rẹ́ńdà. Àárọ̀ dé alẹ́ ni mò ń ka ọ̀rọ̀ Tíṣà káàkiri ilé.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ìyá rẹ ń po òrí tí a yọ lára wàrà màlúù fún ọbẹ̀, ó ní kí n wá jókòó. Ó bi mí bóyá mo rántí ọjọ́ tí a fi ibùsùn onígi tí ọkùnrin mẹ́rin ń gbé léjìká gbé òun sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, nígbà tí òun fẹ́ bí àbúrò rẹ tó gbẹ̀yìn. Mo ní mo rántí, èmi ni mo wà níwájú lápá ọ̀tún. Ó ní ọ̀nà jìn, ojú ọ̀nà lòun bí i sí, ọmọ náà kò sì ké. Ó ní òun kò gífù, òun kò lẹ́ńdì, kò rẹ òun, òun kò yà fún ẹnikẹ́ni, àmọ́ ọmọ náà lọ. Ó ní bóyá ìyẹn ni sọ́rẹ́ńdà tí mò ń kà káàkiri. Ó ní tí ó bá jẹ́ òun ni, òun ti ṣe é tán, kò sì sí ẹni tó mú fọ́ọ̀mù wá bi òun bóyá òun fẹ́. Ó ní èmi tí wọ́n ń bẹ̀ yìí, ilẹ̀ lásán ni wọ́n ń bẹ̀ mí fún. Ó padà sídìí òrí rẹ̀. Ọmọ mi, mo sunkún. Mo sá lọ sẹ́yìn ilé kó má baà rí mi, ṣùgbọ́n ó rí mi.

Ọjọ́ Ẹtì, mo wọ aṣọ kóòtù mi, mo mú ọ̀pá darandaran bàbá mi, ó di ọ́fíìsì. Mo kọ orúkọ mi sórí fọ́ọ̀mù. Tumuhairwe ní kí n tún tẹ àtàǹpàkò sí i, bóyá àtàǹpàkò náà ní orúkọ tirẹ̀, n kò mọ̀. Ó wá rí àyè ìsàlẹ̀ yẹn, ó ní ta ni Bihogo, ta ni Kyozi, ta ni Siina, ṣé àwọn ajogún mi ni. Mo ní rárá o, àwọn tó ń mumi níbẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà mo na ọ̀pá bàbá mi sí i, mo ní ohunkóhun tó bá wu ìwé wọn kó pè é, èmi ń fún ìjọba bí a ṣe ń fúnni ní màlúù ni. Àwọn akọ̀wé kéékèèké bú sẹ́rìn-ín. Tumuhairwe kò rẹ́rìn-ín. Wàrà màlúù tí bàbá mi fún bàbá rẹ̀ ni wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà. Ó dìde, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gba ọ̀pá, ó sì dúpẹ́ lóhùn rara bí a ṣe ń dúpẹ́ màlúù. Ó ní ọmọ yóò padà wá sílé mi. Ìgbà yẹn ni ọkàn mi tó balẹ̀.

Ilé náà ti parí o! Wọ́n ṣí i lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, páànù rẹ̀ ń dán débi pé Kyozi ń sá fún un. Ẹni àkọ́kọ́ tó bímọ níbẹ̀ ni ìyàwó kan láti òdìkejì òkè, tí n kò mọ̀ rí. Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn rẹ̀, mo wà láàárín agbo, mo rí Tumuhairwe tó ń bọ̀, bàtà ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ọkọ ìyàwó náà tẹ̀ lé e, ìyàwó náà fúnra rẹ̀ gbé ọmọ jòjòló lọ́wọ́. Wọ́n ní àwọn mú ọmọ màlúù wá. Mo dààmú, n kò mọ̀ bóyá okùn ni kí n wá tàbí ẹní. Ìyá rẹ jáde, ó ń nu ọwọ́ sára aṣọ. Obìnrin náà gbé ọmọ lé e lọ́wọ́, ọmọ náà sì figbe ta. Ìyá rẹ ní kí gbogbo wa dákẹ́ kí òun lè gbọ́ ọ. Ó gbé e títí oòrùn fi yí, lẹ́yìn náà òun fúnra rẹ̀ gbé e padà fún ìyá rẹ̀.

Wọn yóò máa gbé e wá lóṣooṣù. Nítorí náà, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí a má baà máa gba àlejò lọ́wọ́ òfo, ṣùgbọ́n má fi gba inú fóònù mi o, ó jábọ́ sínú wàrà lọ́sẹ̀ tó kọjá, n kò fẹ́ kí owó rẹ kan bíi wàrà. Bá wa ra aṣọ òtútù kékeré kan pẹ̀lú, kí wọ́n fi òwú kọ orúkọ ọmọ náà sí i láyà. Komuhangi ni. Wọ́n ní kí ìyá rẹ sọ ọ́ lórúkọ, kò sì ronú rárá.

Ọlọ́run yóò pa ọ́ mọ́ fún wa, ìwọ àti ilé rẹ, ojú wa kò ní pòfo lórí rẹ láé. Mo bi ìyá rẹ pé níbo ló ti rí orúkọ tó dára tó bẹ́ẹ̀ kíákíá. Ó ní láti ọjọ́ orí òkè yẹn lòun ti tọ́jú rẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Kosia Katondwaki.