Omi Wàrà: Ìtàn Ìgbésí Ayé Alhaji Muhyideen Adédìran (1956–2025)

Ṣakí ni wọ́n ti bí Alhaji Muhyideen Adédìran ní ọdún 1956, ní agbo ilé Ọlọ́nà. Aránṣọ ni bàbá wọn, Alfa Bádrù. Wàrà ni ìyá wọn, Àlìmọ̀tù, ń sè tà. Láti kékeré ni olóògbé ti ń bá ìyá wọn da omi ewé bọmubọmu sínú wàrà gbígbóná. Wọ́n á lóṣòó tì í, wọ́n á máa wo bó ṣe ń dì, tí omi rẹ̀ ń yà sọ́tọ̀.

Ní 1965, ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ mú Alfa Bádrù. Ojú wọn pọ́n bí ìyeyè. Ọjọ́ mọ́kànlá péré ni wọ́n lò kí ọlọ́jọ́ tó dé. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó jókòó ti ẹní wọn kò bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀rù yẹn mọ́ láyé.

Lẹ́yìn ìwé girama, olóògbé wá sí Èkó ní 1976 láti kọ́ iṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Lọ́jọ́ kan, olùkọ́ wọn gbé ìgò ẹ̀jẹ̀ tó ti dì sókè, ó ní omi tó lé sórí rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní sírọ́ọ̀mù. Ó ní ọ̀rọ̀ Látìn àtijọ́ ni, omi ara wàrà ló túmọ̀ sí, torí bí wàrà ṣe ń dì tí omi rẹ̀ ń yà ni ẹ̀jẹ̀ náà ń ṣe. Olóògbé bú sẹ́rìn-ín nínú kíláàsì. Wọ́n ní àṣé iṣẹ́ ìyá àwọn náà ni àwọn tún wá kọ́.

Ní 1983, wọ́n fẹ́ Alhaja Nafeesah, wọ́n sì fi Fẹ́síták ṣe ilé. Ní 1994, wọ́n dá láàbù tiwọn sílẹ̀ ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin. Aláìsàn tó bá ń gbọ̀n níwájú abẹ́rẹ́, ìtàn omi wàrà ni wọ́n fi ń tù ú nínú. Wọ́n ṣe ládàánì mọ́ṣáláṣí àdúgbò fún ọdún mẹ́sàn-án. Nígbà tí iná ṣọṣẹ́ ní Abúlé Adó ní 2020, àwọn ló ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn tó fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ ṣe ìrànlọ́wọ́ wò.

Ṣùgbọ́n a ò ní purọ́ mọ́ òkú. Ẹ̀jẹ̀ ta ni wọn ò yẹ̀ wò l'Ámúwo? Tiwọn nìkan ni. Hidaayah, àkọ́bí wọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, fi ọdún mẹ́rìnlá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí òun yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Ọ̀la ni wọ́n ń dá fún un. Àwọ̀ ojú Alfa Bádrù ni wọ́n ń sá fún.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ikùn wọn wú, wọ́n sì na apá fún abẹ́rẹ́ Hidaayah nígbẹ̀yìn. Nígbà tí omi ẹ̀jẹ̀ náà yà, Hidaayah fi ìgò pamọ́ sẹ́yìn. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Bàbá na ọwọ́, wọ́n gbà á, wọ́n gbé e sí ojú fèrèsé. Omi náà ti ṣú, bíi tíì tí kò ní mílíìkì. Wọ́n ní:

“Hidaayah, omi wàrà náà ṣì ni. Èmi ni mo jẹ́ kó pẹ́ jù kí n tó wò ó.”

Ọjọ́ mọ́kànlá lẹ́yìn náà, wọ́n jẹ́ ìpè Ọlọ́hun.

Wọ́n fi aya sílẹ̀ sáyé lọ, Alhaja Nafeesah, pẹ̀lú àwọn ọmọ, Hidaayah, Mansur àti Ọmọ́tóyọ̀sí, àti ọmọ-ọmọ márùn-ún. Àìsàn ẹ̀dọ̀ yìí a máa ràn nínú ẹbí, nítorí náà gbogbo wa ti na apá fún Hidaayah. Ó ku Mansur, tó ní ó di ọ̀la.

Ẹ sùn re o, Alhaji, ọmọ oníwàrà Ṣakí. Kí Ọlọ́hun tẹ́ yín sí afẹ́fẹ́ rere, kí Ó sì bá wa gba ọ̀la kúrò lẹ́nu Mansur. Àmín.